Ọmọ ń gba 8 nínú kúìsì Fúráídè, ìdánwò dé ó fìdí rẹmi: ṣé kí n pa kúìsì tì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tíṣà ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13 ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gbogbo Fúráídè ni mo máa ń ṣe kúìsì ìbéèrè mẹ́wàá fún wọn lórí ohun tá a kọ́ lọ́sẹ̀ náà, mo sì máa ń kọ máàkì wọn sílẹ̀ torí ó wà lára èsì wọn. Wọ́n ń ṣe dáadáa o, 7, 8 nínú 10, àmọ́ tí ìdánwò ìparí táàmù bá dé, ẹ máa rò pé wọn ò wọ kíláàsì mi rí ni. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù ẹ̀ débi pé orí máa ń fọ́ wọn tó bá ti di àárọ̀ Fúráídè. Èmi alára, máàkì ṣíṣe ti sú mi. Ṣé kí n kúkú pa kúìsì yìí tì ni, àbí kí n máa fi fóònù ṣe é?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ náà o. Ẹ má pa kúìsì tì. Máàkì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pa tì, kẹ́ ẹ sì yéé kó gbogbo ìbéèrè sórí ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ilé ìwé ń bèèrè èsì, ọ̀gá yín á fẹ́ rí nọ́ńbà nínú ìwé, màá dé ibẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ tú ni ìdí tí ọmọ tó gba 8 lọ́jọ́ Fúráídè fi ń wo pépà ìdánwò bí ẹni tó ń wo ojú àjèjì.

Ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn ní Tọ́sìdè, tẹ́ ẹ bá bèèrè ẹ̀ ní Fúráídè, ó ṣì wà lẹ́nu ọmọ yẹn ni, kò tíì balẹ̀ sínú. 8 tó gbà yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun tó ń sọ fún yín ò ju pé ó wà ní kíláàsì lánàá, ó sì gbọ́ yín. Ará Jámánì kan wà, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara ẹ̀ dán ọ̀rọ̀ ìgbàgbé wò, ó kó àwọn sílébù tí ò nítumọ̀ jọ, ó ń há wọn sórí, ó wá ń wo bó ṣe ń gbàgbé wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1885. Ohun tó rí ni pé ibi tí ìgbàgbé ti ń ṣọṣẹ́ jù ni wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ àti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló wá ń rọra jò díẹ̀díẹ̀. Torí náà láàárín Fúráídè yín àti ìdánwò ìparí táàmù, ohun púpọ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó tún padà bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn láàárín ìgbà náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ọ̀pọ̀ òbí, àti tíṣà náà ká má parọ́, rò pé ojútùú ẹ̀ ni kí ọmọ máa ka nóòtì ẹ̀ lákàtúnkà. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan láti kà. Wọ́n fún apá kan ní àkókò mẹ́rin láti fi kà á. Apá kejì, àkókò kan péré ni wọ́n fi kà á, àkókò mẹ́ta tó kù, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kàn ń kà á ló ń lé iwájú, wọ́n rántí nǹkan bí 83 nínú 100, àwọn kejì rántí 71, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ parí sí ẹ ó ní ká máa kàwé nìkan ló dáa. Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà: àwọn tó kà á ní gbogbo ìgbà yẹn ti já wá sí 40, àwọn tó ń fà á yọ látinú orí ara wọn ṣì wà ní 61. Kúìsì Fúráídè yín ń fún yín ní èsì ìṣẹ́jú 5 yẹn, ìdánwò ìparí táàmù ń fún yín ní èsì ọ̀sẹ̀ kan (ó tún wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ fíìfíì).

Ohun tí mò ń sọ ni pé kúìsì kì í ṣe ohun tá a fi ń wọn ọmọ nìkan. Pé ọmọ pa ìwé dé, tó ń wá nǹkan nínú orí ara ẹ̀, tó ń tiraka díẹ̀ kó tó rí i, ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Àwọn ọmọ fúnra wọn ò sì ní mọ̀. Àwọn méjèèjì yẹn tún ṣe òmíràn ní 2008, ọ̀rọ̀ èdè Swahili 40 pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní bi wọ́n mọ́, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ń bi wọ́n lọ ni, bí wọ́n gbà á bí wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí gbogbo wọn sọ iye tí wọ́n rò pé àwọn á rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ní nǹkan bí ìdajì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, àwọn tí wọn ò dẹwọ́ ìbéèrè fún gba nǹkan bí 80 nínú 100, àwọn tó kù gba nǹkan bí 35. Ìdajì kan náà ni gbogbo wọn sọ o! Torí náà tí ọmọ bá sọ fún yín pé "mo ti mọ ìyẹn mà", ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kẹ́ ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí kúìsì Fúráídè di ìbéèrè márùn-ún dípò mẹ́wàá. Méjì lórí ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀kan lórí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan lórí nǹkan oṣù tó kọjá, ọ̀kan tó kù kó jẹ́ láti ibikíbi látìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò pátápátá, torí ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ọmọ ò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Herbert Spitzer fi èyí hàn látọdún 1939, ọmọ kíláàsì kẹfà 3,605 ló lò ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé tí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá tètè dé lẹ́yìn ìwé kíkà, ó máa ń dí ìgbàgbé lọ́nà, tó bá pẹ́ kó tó dé, ohun tó yẹ kí ọmọ fà yọ ti lọ, kí ló wá fẹ́ fà? Ẹ tètè bèèrè, kẹ́ ẹ tún wá padà bèèrè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín ẹ̀ máa fẹ̀ sí i. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ Fúráídè nìkan. Ìbéèrè méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì Mọ́ńdè, kí wọ́n tó ṣí ìwé, ó tó gbangba.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí ṣáájú kí àyà yín má bàa já: bẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, ohun tí wọ́n ń gbà á wálẹ̀. Ọmọ tó ń gba 8 nínú 10 lè máa gba 2 nínú 5 fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má sáré padà sí tàtijọ́. 2 yẹn ló jẹ́ òótọ́, ó kàn jẹ́ pé ẹ ò tíì rí i rí ni.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ máàkì. Tí máàkì bá ti wà nínú ẹ̀, ọmọ ò ní wo ibi tó ti ṣì í mọ́, nọ́ńbà orí pépà ló máa wò, lẹ́yìn náà á wo ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó parí. Ruth Butler ṣe nǹkan kan lórí èyí ní Israel, ó jáde ní 1988: àwọn ọmọ kan ń gba máàkì, àwọn kan ń gba ọ̀rọ̀ àlàyé lórí iṣẹ́ wọn, àwọn kan ń gba méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ló ṣe dáadáa jù. Àwọn tó gba méjèèjì, ẹ ó rò pé tiwọn ló máa dáa jù, rárá o, máàkì yẹn gbé àlàyé mì. Ẹ ronú sí gbogbo òru tẹ́ ẹ fi ń kọ "gbìyànjú sí i, wo ìlà kẹta" sábẹ́ 4 nínú 10.

Torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe é. Tí wọ́n bá kọ ìdáhùn tán pẹ̀lú bírò dúdú, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí wọ́n mú bírò pupa tàbí àwọ̀ míì, kẹ́ ẹ wá máa mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún tiwọn ṣe síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pépà yẹn tiwọn ni, ẹ ò ní gbà á. Ẹ kàn máa rìn káàkiri kẹ́ ẹ máa yọjú wo ohun tí wọ́n kọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ ò sì gbé pépà kankan lọ sílé. Olè ìdáhùn wíwò náà á dín kù, torí kí lẹnì kan fẹ́ jí nígbà tí kò sí máàkì?

Ti ọ̀gá iléèwé yín: ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò kan tó ní máàkì lóṣooṣù, kẹ́ ẹ kéde ẹ̀ ṣáájú, ìyẹn ló ń lọ sínú ìwé èsì. Tí ọ̀gá bá fárígá pé dandan ni kí nọ́ńbà Fúráídè wà, ẹ máa fún ọmọ ní máàkì kíkún tó bá ṣáà ti kọ nǹkan tó sì tún un ṣe, nọ́ńbà á wà nínú ìwé, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí mo fẹ́ fi àsìkò sí jù ni ìbéèrè gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ò kì í fojú sí, a kàn ń ṣí ìwé ká máa kọ ABCD. Ẹ wo eléyìí: Èwo ló tóbi jù nínú 0.4, 0.35 àti 0.125? Ìdáhùn ni 0.4. Ẹ bèèrè ẹ̀ ní kíláàsì, ọmọ tó pọ̀ á gbà á, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ désímà ti yé wọn, ẹ ó kọjá. Ó yé wọn kẹ̀! Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gbà pé nínú désímà, èyí tó bá kúrú jù ló tóbi jù. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà pé ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ẹ̀. Ọmọ yẹn á mú 0.4, ẹ ó ní ó gbà á, àṣìṣe ẹ̀ á wà níbẹ̀ digbí, ìbéèrè yín ló ràn án lọ́wọ́ láti fara pamọ́.

Ẹ yí i díẹ̀ péré: Èwo ló tóbi jù nínú 0.3, 0.45 àti 0.216? Ọmọ tó gbà pé èyí tó kúrú ló tóbi á mú 0.3. Ọmọ tó ń ka ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì bíi nọ́ńbà lásán, 3, 45, 216, òun á mú 0.216. Ẹni tó yé á mú 0.45. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ti mọ ohun tó wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan láìbi ẹnikẹ́ni ní nǹkan míì, yàtọ̀ sí ẹni tó bá kàn gẹ́ẹ̀sì. Ohun tẹ́ ẹ máa wá ṣe fún àwọn ọmọ méjèèjì yẹn ò sì jọra rárá. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n fi òdo kún un kó di 0.300, 0.450, 0.216, ìdáhùn á bọ́ sí i lóòótọ́ àmọ́ kò ní yé wọn. Ẹ fa ìlà sórí pátákó láti 0 dé 1, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi tó yẹ. Ẹni tó ń lọ fi 0.216 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1 á fojú ara ẹ̀ rí i.

Báwo lẹ ṣe máa rí irú àwọn ìdáhùn tí ò tọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa hùmọ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀ láìfún wọn ní ABC kankan. Bíi sáyẹ́ǹsì, ẹ bi wọ́n pé ife tí omi tútù wà nínú ẹ̀, kí ló dé tí ara ẹ̀ lóde fi máa ń tutù tí omi sì ń ṣàn lára ẹ̀? Ọmọ kan á kọ pé omi inú ife ló ń jò jáde, òmíràn á ní òtútù ló di omi, àwọn díẹ̀ á sọ pé omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ tá ò fojú rí ló kan ife tútù tó wá di omi. Ẹ ti rí ABC yín fún ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, látẹnu àwọn tó gbà á gbọ́. Mẹ́ta sì tó o. Michael Rodriguez kó ìwádìí ọgọ́rin ọdún jọ lórí irú ìbéèrè yìí ní 2005, ibi tó já sí ni pé ìdáhùn mẹ́ta tó fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè, D tá a máa ń fi tipátipá wá kún un yẹn, kò sẹ́ni tó ń mú un. "Gbogbo èyí tó wà lókè" náà, ẹ jù ú nù.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ṣá. Ìdáhùn tí ò tọ̀nà tẹ́ ẹ kọ síwájú ọmọ, ó lè gbé e lọ sílé bí òótọ́, wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé ABCD máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa á ni kẹ́ ẹ sọ èyí tó tọ̀nà fún un, kó má pẹ́ jù. Ìdí míì nìyẹn tí bírò pupa fi gbọ́dọ̀ wáyé ní kíláàsì kan náà, kì í ṣe kẹ́ ẹ kó pépà lọ kẹ́ ẹ dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ti gbàgbé pé wọ́n kọ nǹkan.

Ẹ tún lè ní kí wọ́n fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi D tó bá dá wọn lójú, G tó bá jẹ́ gẹ́ẹ̀sì ni. Ọmọ tó gbà á àmọ́ tó fi G, kò tíì gbà á nìyẹn. Ọmọ tó kùnà àmọ́ tó fi D gbàgà síbẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ sáré lọ bá! Brady Butterfield àti Janet Metcalfe rí i ní 2001 pé àṣìṣe tó dá ènìyàn lójú jù ló máa ń tètè kúrò tí wọ́n bá tún un ṣe fún un, torí ó máa yà á lẹ́nu, kò sì ní gbàgbé ìyàlẹ́nu yẹn.

Tí ìbéèrè kan bá gbé ju ìdajì kíláàsì ṣubú, ẹ padà lọ kọ́ ọ lọ́nà míì. Tó bá jẹ́ ọmọ méjì mẹ́ta, ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn tó mọ̀wé jù ló kùnà ẹ̀, tí àwọn tó máa ń tiraka sì ń gbà á, ẹ tún ìbéèrè yẹn kà, bóyá ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lọ́nà tó rú wọn lójú.

Ti fóònù, kò burú, kò sì ṣe dandan. Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè bá yín máàkì ABC, á tún fi han yín ìbéèrè tí wọ́n kùnà jù. Kahoot, eré kúìsì orí fóònù, àwọn ará Norway ló gbé e jáde ní 2013, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ burúkú, orin ń lọ, aago ń ka, gbogbo kíláàsì ń pariwo. Lójú tèmi aago yẹn ló ń bà á jẹ́, ẹni tó yára ló ń jẹ, ẹni tó ń ronú ń kẹ́yìn, ọmọ tí orí ń fọ́ tẹ́lẹ̀ á tún wá ní ìdí kejì. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ fún wọn ní àkókò tó pọ̀ jù lọ, kẹ́ ẹ má kà á sí nǹkan kan. Fún ìṣirò, mo ṣì fẹ́ràn pépà, torí fóònù ò ní fi ìlà tí ọmọ ti ṣìnà hàn yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí ìdáhùn gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní kí wọ́n gbé ìka sókè níwájú àyà, ọ̀kan fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún C, ẹ ka ení èjì, kí gbogbo wọn gbé e pa pọ̀.

Ó ku àwọn tí orí ń fọ́ yẹn. Ẹ sọ fún wọn gbangba lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé kò sí máàkì, kò sẹ́ni tó máa pe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síta, kẹ́ ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín, kódà tí òbí kan bá wá bèèrè. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ máa rọrùn, kí ọwọ́ wọn lè balẹ̀ lórí pépà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn á wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí orí bá ṣì ń fọ́ lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ kúìsì rárá, ẹ wò ó bóyá ó máa ń fún ojú pọ̀ tó bá ń wo pátákó, ẹ gbé e wá síwájú, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn òbí ẹ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ ojú ẹ̀ wò.